Láptọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́ àti Orúkọ Wa Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, ọ̀rọ̀ kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé wa tí ó kọjá ni ó mú kí a gbé kálámù lónìí. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó lè dáhùn bí ó ti yẹ, ìpàdé sì tú ká pẹ̀lú ariwo. Ohun tí ẹnu kò rí àyè sọ níbẹ̀, ìwé yóò sọ ọ́.

Ẹ ó rántí pé a kéde fún ìpàdé pé láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ti dákẹ́. Ẹ̀rọ náà ti pé ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ wa. Àgbékọ́ ìdérí rẹ̀ ti yẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́, bí a bá sì tàn án, yóò máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn náà yóò kú fúnra rẹ̀. Kí a tó pa ẹnu dé, ìmọ̀ràn mẹ́ta ti jáde. Àwọn kan ní kí a tà á fún àwọn yan-bọ́là tí ń ra irin kiri, kí a sì dá owó ra tuntun. Àwọn kan ní kí a gbé e fún ẹnjiníà ní ọjọ́ kejì, kí a kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ sí bébà lé e lórí, wọ́n ní, "Kí ni ẹgbẹ́ ní tí ó ń fi pamọ́?" Àwọn kẹta ní kò sí ewu, bí a bá ti gbé e fún ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Àwa lòdì sí ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwa ni pé kí a tún ẹ̀rọ náà ṣe, ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe bá a dé ìsọ̀ ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ó fẹ́ tà á lóhùn. Ta ni ó sọ fún yín pé ẹ̀rọ náà ti kú? Ẹni tí ń gbé Kánò mọ eruku ọyẹ́, ó mọ̀ pé kò sí ihò tí kò lè gbà wọlé. Eruku yìí ni ó dí ojú fáànù kékeré tí ó wà nínú láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí atẹ́gùn gbígbóná kò rí ọ̀nà jáde, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó. Ẹni tí ó bá tú u, tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀ dànù, ti wo ìdajì àìsàn rẹ̀ sàn. Bátìrì ṣe é pààrọ̀. Àgbékọ́ ṣe é pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́ra rẹ̀ ni ó ń bí yín nínú, hard disk àtijọ́ ni ó fà á, èyí tí ó ní àwo tí ń yí nínú bí àwo gíramafóònù. Bí a bá fi SSD rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ní ohun kan tí ń yí, tí a sì fi kún RAM rẹ̀, ẹ̀rọ arúgbó á tún máa sáré bí ọ̀dọ́.

Òótọ́ ni pé Microsoft parí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Ṣùgbọ́n Linux wà, tí a kì í fi owó rà. Irú rẹ̀ kan tí à ń pè ní Linux Mint ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkọ àti ìṣirò owó ẹgbẹ́ kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra tuntun ṣe, nígbà tí ìyá arúgbó kan wà tí a kò tíì san owó ìtọ́jú òkú ọkọ rẹ̀ tán?

Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹni tí ó bá ta ẹ̀rọ náà kò ta irin nìkan. Ó ta ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi hàn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn láti Kánádà ṣe ra hard disk àlòkù ní ọjà Tema ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n sì bá ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ ńlá kan nínú rẹ̀, iléeṣẹ́ tí ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ohun ìjà. Bí iléeṣẹ́ tí ó ní owó tó bẹ́ẹ̀ bá lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí ó jù nù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kékeré tí ó ta tirẹ̀ fún yan-bọ́là?

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó tà á." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Fáìlì tí a pa rẹ́ kò tíì lọ. Ẹ wò ó bí ìwé ńlá tí ó ní ojú ewé àkọ́kọ́ tí a kọ àkòrí gbogbo ìtàn inú rẹ̀ sí. Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́, tàbí tí a bá ṣe "fọ́máàtì" wéréwéré, ojú ewé àkòrí yẹn nìkan ni a fà ya. Ìtàn ṣì wà nínú ìwé, títí a ó fi kọ ohun mìíràn lé e lórí. Ẹni tí ó bá ní irinṣẹ́ tí ó yẹ, tí kò sì wọ́n lọ́jà, á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó wá kan àwọn tí ó ń béèrè pé kí ni a ní tí a ń fi pamọ́. Àwa tí a ń kọ ìwé ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ bi. Orúkọ gbogbo olórí ilé wà níbẹ̀, pẹ̀lú òpópó tí ó ń gbé àti nọ́mbà ilé rẹ̀, nọ́mbà fóònù rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀, ìlú tí a ó gbé òkú rẹ̀ lọ bí ọlọ́jọ́ bá dé, àti ẹni tí a ó ké sí. Àkọsílẹ̀ àjọ wà níbẹ̀: ẹni tí ó kó, ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú àwọn àgbà ní ìkọ̀kọ̀. Àwòrán ìwé ilẹ̀ àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà tí a ṣe ètò ẹ̀yáwó, a gba nọ́mbà BVN àti NIN lọ́wọ́ yín, a sì tọ́jú wọn sí ibẹ̀. Nọ́mbà oníkókó 11 ni wọ́n. Wọn kò tó láti fi kó owó yín ní báńkì, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi mú kí irọ́ dà bí òtítọ́. Bí ẹnì kan bá pe Màmá lórí fóònù, tí ó pe orúkọ rẹ̀ pé, tí ó ka nọ́mbà BVN rẹ̀ fún un, tí ó sì dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀, tí ó wá ní báńkì ni òun ti ń pè, ẹ̀yin rò pé Màmá á kọ̀ láti sọ nọ́mbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò ní sọ kọjá bí ó ti yẹ. Àjèjì ni wá ní ìlú yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti bí ọmọ, a sì ti bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Àwa àti àwọn onílé ń jẹ, a ń mu, a ń bára wa náwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní àjò kò nílò kí a ṣàlàyé fún un ìdí tí ìwé kan, tí ó ka orúkọ wa àti ilé wa ní ẹsẹẹsẹ, fi gbọ́dọ̀ wà ní abẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn bàbá wa tí ó tẹ̀lé rélùwéè dé Kánò mọ èyí. Inú àpótí irin ni wọ́n ń tì í sí, abẹ́ ibùsùn akápò ni àpótí sì ń wà. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa ọmọ wọn fẹ́ gbé àpótí kan náà jókòó sí ìsọ̀ aláìmọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì lẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Ní ti àwọn tí ó ní kí a gbé e fún ọmọ Yorùbá, kí ọkàn wa sì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ojú wa rí. Ní ọdún 2021, láptọ́ọ̀pù ìsọ̀ aṣọ wa ní Kántín Kwàrì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. A gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí bàbá rẹ̀ sì mọ bàbá wa. A kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí, gan-an bí ẹ ti ní kí a ṣe lọ́jọ́ ìpàdé. Ó fi SSD tuntun sí i, ó kó fáìlì wa sórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. A sanwó, a súre fún un, a kúrò níbẹ̀. Hard disk àtijọ́ tí ó yọ kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn.

Kò pé oṣù méjì tí ọ̀rẹ́ wa kan ra hard disk àlòkù fún ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀. Ó pè wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ nílé mi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Nígbà tí a débẹ̀, ìwé gbèsè ìsọ̀ wa ni ọmọ rẹ̀ ti fi irinṣẹ́ hú jáde, tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú wa: orúkọ oníbàárà, iye tí ó jẹ, nọ́mbà fóònù rẹ̀, àti àwòrán NIN ìyàwó wa. Alhaji kan wà nínú ìwé yẹn tí gbogbo ọjà ń bọ̀wọ̀ fún. Ó jẹ wá lówó ní ọdún tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná, ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun bo àṣírí, a sì búra fún un. Ká ní ẹlòmíràn ni ó ra hard disk yẹn, ẹnu wo ni à bá fi sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀? Nígbà tí a bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè, ó ní òun rò pé a kò nílò rẹ̀ mọ́, àti pé òun ti "fọ̀ ọ́ mọ́" kí òun tó tà á. A kò rò pé ó parọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, àwa tí a gbé e kalẹ̀, tí a kò sì béèrè rẹ̀ padà, ni.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀yà. Onílé tàbí àjèjì, Mùsùlùmí tàbí Kírísítẹ́nì, gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kì í sì í ṣe Kánò nìkan. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ìsọ̀ àwọn alátùn-únṣe 16. Àbùkù kékeré ni wọ́n fi sí wọn, èyí tí kò kan fáìlì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n padà, wọ́n rí i pé ní ibi 6, alátùn-únṣe ti wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ní ibi 2, ó sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbé lọ. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dà bí ti obìnrin ni wọ́n tú wò jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ gbọ́ o.

Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé nìkan. Ìlẹ̀kùn ni ó tì, kò mọ ògiri. Ẹni tí ó bá yọ hard disk kúrò nínú ẹ̀rọ, tí ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, á ka gbogbo rẹ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan, àfi bí a bá ti fi BitLocker tàbí VeraCrypt tì í pa látinú wá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Kò le. Ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà bíi tiwa lè ṣe é.

Èkíní, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ṣí ẹ̀dà náà wò kí a mọ̀ pé ó ń ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sunkún nítorí ẹ̀dà tí wọn kò dán wò.

Èkejì, kí a yọ hard disk kí ẹ̀rọ tó kúrò nílé. Ní ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, sukudiráfà kékeré tó fún un, bí a bá ti pa ẹ̀rọ, tí a yọ wáyà iná, tí a sì yọ bátìrì. Ẹnjiníà kò nílò hard disk wa láti pààrọ̀ àgbékọ́, bátìrì, fáànù, kíbọọ̀dù tàbí ojú ẹ̀rọ. Bí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó fi fílàṣì tirẹ̀ tan án. Ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á yọ̀ ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ní lè fẹ̀sùn kàn án lẹ́yìnwá ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ hard disk gan-an ni ó ṣàìsàn, kí ẹnì kan jókòó tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ohunkóhun tí ó bá yọ, kí ó kó o lé wa lọ́wọ́, kí a tó sanwó. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a jó ibi ìpamọ́ wọn mọ́ ara ẹ̀rọ, tí kò ṣe é yọ. Irú èyí ni kí a ti pa látinú wá, tàbí kí a kó fáìlì rẹ̀ kúrò, kí a sì nu ún pátápátá, kí ó tó jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí a fọ́ hard disk àtijọ́ tí a kò lò mọ́. Kí a tú u, kí a fi òòlù fọ́ àwọn àwo rẹ̀, tàbí kí a lu wọ́n níhò. Bí ó bá jẹ́ SSD, kí a fọ́ àwọn ẹ̀rún dúdú tí ó wà lára pátákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu bátìrì tàbí gún un, pàápàá èyí tí ó ti wú, nítorí pé ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, kí a tì í pa látinú wá kí a tó kó fáìlì padà sí i, kí a sì kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sí bébà sínú àpótí irin ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn nù ti sọ gbogbo rẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹfà ni ó wù wá jù. Kí a pa BVN àti NIN yín rẹ́ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó má sì ṣẹ́kù sínú ẹ̀dà kankan. Ètò ẹ̀yáwó ti parí. Kí ni a tún ń fi wọ́n ṣe? Ohun tí a kò ní, olè kò lè jí i lọ́wọ́ wa.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń rò pé akọ̀wé kàn ń fi ọgbọ́n ìwé dẹ́rù bà á ni, kí ó mọ̀ pé òfin wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá kó ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni ó ní láti fi tó ìgbìmọ̀ ìjọba létí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní kí a lẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ àpótí dìde ní ìpàdé, kí ó sọ pé òun ni yóò kọ lẹ́tà yẹn.

Àbá wa rèé fún ìpàdé tí ń bọ̀: kí a yan akápò àti ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ láti yọ hard disk náà lójú gbogbo wa, kí ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà ní òfìfo, ẹ̀yà yòówù tí ẹnjiníà náà ìbáà jẹ́, kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé láìnáà á bí ẹní ń ná tòmátì, kí a sì fọ́ hard disk àtijọ́ ní gbọ̀ngàn ìpàdé, kí ọmọdé àti àgbà rí i. Àwa fúnra wa á mú òòlù wá.

Ẹ fi orúkọ yín lé wa lọ́wọ́ nítorí pé ẹ gbà pé a ó tọ́jú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù lè bàjẹ́ kí a tún un ṣe. Orúkọ tí ó bá ti bọ́ sí ọjà, kò sí ẹnjiníà tí ń tún un ṣe.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka.